Ẹ̀yìn Ìyá Mi Lórí Odi Ìlú

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun àkọ́kọ́ tí mo rántí láyé mi, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo máa ń sọ. Ó pọ̀n mí lórí odi ìlú àtijọ́ kan ní àríwá Ítálì, níbi tí ilẹ̀ títẹ́jú parí sí tí àwọn òkè ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Yìnyín bo orí òkè. Ẹnì kan ń yan èso tó dà bí ẹ̀pà ńlá lórí iná. Ìyá mi fẹ́ ẹ títí ó fi tutù kó tó fi sí mi lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ nílé wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, tó bá ti ibi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó dé. N kò lè sọ dájú mọ́ bóyá mo rí i ni tàbí mo gbọ́ ọ.

Lọ́dún tó kọjá, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ìlú náà fún èmi àti ìyá mi.

“Kí lo fẹ́ lọ wò níbẹ̀?” ló wí. “Òkúta lásán ni.”

Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Àbí lẹ́yìn tí a padà dé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rò bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣẹ́ kù sílùú náà, tí wọ́n jọ gbé yàrá kan nígbà tí ìyá mi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló mú wa gòkè lọ. Ọ̀nà tóóró ni, òkúta ilẹ̀ ti dán nítorí ẹsẹ̀ àwọn tó ti kú tipẹ́. Ìgbà ooru ni. Kò sí yìnyín lórí òkè. Síbẹ̀, nígbà tí mo gbé ọwọ́ lé odi, inú mi dùn bí ẹni tó délé.

“Àǹtí, ibí ni Mọ́mì máa ń pọ̀n mí wá.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àǹtí. “Ìwọ kẹ̀? Ìbàdàn lo wà nígbà yẹn, lọ́dọ̀ ìyá bàbá ẹ! Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo la ní, ṣé orí sílìn la fẹ́ tẹ́ ọ sí? Ọmọ ọ̀gá ẹ̀ ló máa ń pọ̀n. Òyìnbó pupa fòò, á sùn fọnfọn lẹ́yìn ẹ̀ bí ọmọ Mọ́kọ́lá, gbogbo àdúgbò á dúró máa wò wọ́n. Ìgbà tí Mọ́mì ẹ dé Lọ́ńdọ̀nù tán ló tó ránṣẹ́ sí ọ. O ti kúrò ní jẹ́lé-ó-sinmi.”

Nígbà tó rí ojú ìyá mi, ó ṣe bí ẹni tó ń wá fóònù nínú báàgì.

Ìyá mi kò wò mí. Òkè ló ń wò. “Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ọmọ yẹn pọ̀n, ìwọ ni mò ń rò. Ṣé irọ́ wá nìyẹn?”

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Pé ó fi mí sílẹ̀, mo lè gbà á. Mélòó nínú àwọn tó ṣáájú wa dé ilẹ̀ òyìnbó ni kò fi ọmọ sílẹ̀? Ohun tó ń ká mi lára ni pé ìgbà èwe ọmọ ọlọ́mọ ni mo kó sórí, tí tèmi kò sì rí àyè jókòó. Mo ń wá Ìbàdàn nínú orí mi: àgbàlá kan, ohùn kan, ọwọ́ tó ń wẹ̀ mí. N kò rí nǹkan kan. Ìyá àgbà tó tọ́ mi ti kú, n kò sì mọ ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn tí a padà dé Peckham, ìyá mi ń múra iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo bi í pé kí ni mo máa ń pe ìyá bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?” ló dáhùn, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. “Mi ò sí níbẹ̀.”