Àdúrà fún Arábìnrin Kan

Ẹ bi àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé ilé ìwé ìjọ kan pé ta ló le jù níbẹ̀, wọ́n á ní tíṣà Bíbélì ni. Irọ́ ni, obìnrin náà ò le. Kò kàn rẹ́ni bá ṣeré ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń dá gbé yàrá kan lẹ́yìn ilé àdúrà, òun àti bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, síbí kan.

Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn orin, àwọn ọmọ á máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí gbogbo ilé bá wọn bẹ Ọlọ́run fún. Tíṣà ló ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ. "Arákùnrin kan," "arábìnrin kan," ó ti tó. Àwọn ọmọ yẹn lẹ́nu jù. Kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń sọ ẹkún ẹlòmíì di yẹ̀yẹ́.

Ojú tíṣà wá ń ṣe bàìbàì. Á ṣí Bíbélì síwájú, àmọ́ àkọ́sórí ló ń kà. Bí ilé ìwé bá mọ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, yàrá náà sì bá a lọ. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ẹ̀ ò le, kó sáà ti mú ẹni tó máa fà á lọ́wọ́ padà sílé dání.

Nígbà tó ku ọ̀la kó lọ ṣe é, òun náà dìde láàárín àdúrà.

"Ẹ bá mi gbàdúrà fún arábìnrin kan tó ń lọ ṣiṣẹ́ abẹ ojú."

Wọ́n ṣe àmín, wọ́n lọ jẹun. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́. Èyí tó sọ̀rọ̀ tó tún fara pa mọ́ ńkọ́?

Lọ́jọ́ kejì, nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wo ẹ̀yìn ẹ̀ títí.

"Ta ló sìn yín wá, mà?"

"Èmi nìkan ni."

"Ẹ máa lọ ná, mà. Tẹ́ ẹ bá ti rẹ́ni, ẹ padà wá."

Àìlẹ́nìkan dùn ún wọ egungun lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n péjọ nírọ̀lẹ́, ọmọ kan dìde.

"Mà, arábìnrin àná ńkọ́? Ṣé ká dúpẹ́?"

"Wọn ò tíì ṣe é. Kò rẹ́ni sìn ín lọ."

"Áà! Ṣé kò lẹ́bí ni?"

Tíṣà lanu. Ó fẹ́ sọ ọ́, ó fẹ́ sọ ọ́ gan-an ni. Àmọ́ àánú ti ṣe ọmọ náà kọjá kó dúró gbọ́ èsì.

"Ẹ̀yin ẹ bá a lọ, mà. Ẹ kúkú ò lẹ́ni tó ń retí yín nílé."

Kì í ṣe àrífín, ọmọ náà rò pé òun ń tún nǹkan ṣe ni.

"Ó dáa," ni tíṣà wí. "Màá bá a lọ."

Inú gbogbo wọn dùn. Wọ́n dijú, wọ́n gbàdúrà kíkankíkan pé kí Ọlọ́run mú àwọn méjèèjì lọ, kó sì mú àwọn méjèèjì bọ̀.