Ó Kù Díẹ̀

Nígbà tí ìyá mi jáde láyé ní Ìbàdàn, mi ò sunkún. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń ra epo sọ́kọ̀, mo ń gé koríko iwájú ilé wa ní Glenn Dale, nílùú òyìnbó. Bí ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bá dé láti ọsibítù, á ní, "Dádì, ṣé ẹ ti jẹun?" Mo máa ń ní mo ti jẹun.

Ọmọbìnrin wa ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní yunifásítì. Ní sáà yẹn, wọ́n ní kí àwọn tó ń kọ́ ìtàn náà wá kọ́ bí a ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kó lè máa bá wọn ka ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kí kálukú mú ọ̀rọ̀ ẹnì kan, kí ẹ̀rọ sọ èyí tí ẹni náà ń lò jù. Ọmọ wa mú ohùn tí ìyá mi, tó ń pè ní Màmá, máa ń fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, kì í sì í sábà fèsì. Ó ní kí n bá òun tẹ gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà.

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́. Gbogbo àmì tó yẹ ni mo fi sí i, torí mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì.

Àmì yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Bí lẹ́tà kan bá ní àmì lábẹ́ tó tún ní lórí, ẹ̀rọ á gé ọ̀rọ̀ síbẹ̀. "Ọ̀rọ̀" di "ọ" àti "rọ". Ọmọ náà gbórí lé tábìlì, ó ní òun máa fi kíláàsì náà sílẹ̀. Mi ò lè wò ó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó lọ síléèwé lọ́jọ́ kejì, mo yọ gbogbo àmì náà dànù, tòkè tìsàlẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i.

Bọ́ọ̀sì wà o, ṣùgbọ́n èmi ni mo máa ń lọ gbé e. Lọ́jọ́ náà, a ti dé Lanham lójú ọ̀nà ilé kó tó sọ̀rọ̀. Òyìnbó ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń ṣe.

"Dádì, ṣé Màmá mọ̀ pé àwọn máa kú?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn fúnra wọn ni. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọn, 'ku' ló pọ̀ jù. Mo mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Ẹ wo eléyìí." Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi: *o ku die*. "Wọ́n tiẹ̀ fi òyìnbó kún un kó lè yé mi. Mi ò dá wọn lóhùn."

Mo yà sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Mo pa ọkọ̀.

"Òyìnbó wo ni Màmá gbọ́? Màmá tó ń pe fóònù mi ní rédíò. Gbé ohùn yẹn sí i."

Ó gbé e sí i. Ìyá mi ní, "O kú iṣẹ́ ìwé o. O kú òtútù. Háà, ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé, o kú ìtọ́jú bàbá ẹ."

Mo ṣàlàyé fún un pé ìkíni ni. Ohun tí èèyàn bá ń ṣe, tàbí ohun tó bá ń bá a fínra, la fi ń tẹ̀ lé "kú". Mo ní "díẹ̀" kì í ṣe ikú lédè ẹnikẹ́ni, pé èmi ni mo yọ àmì rẹ̀, mo sì máa dá a padà.

"Ẹ̀rọ á tún gé e."

"Bi tíṣà yín bí kò ṣe ní gé e."

Ó tún gbé ohùn náà sí i. Mo ti fọwọ́ mi tẹ ọ̀rọ̀ yẹn, o kú ìtọ́jú bàbá ẹ, mi ò mọ̀ pé mo tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ náà gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó kọ àṣẹ tuntun níbẹ̀: bí ẹ̀rọ bá ti rí "ku", kó mú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e wá. Ise, ile, otutu, itoju. Ó ń kà wọ́n sókè, kò pe ọ̀kan dáadáa.

Lẹ́yìn náà ló wò mí. Ó ń wá ọ̀rọ̀.

"Dádì," ó ní, "ẹ kú Màmá."

Kò sẹ́ni tó ń kí èèyàn bẹ́ẹ̀. Mi ò tún un ṣe fún un.

"O ṣé," mo ní. A ò tètè kúrò níbẹ̀.