Bí A Ṣe Lọ sí Ìgbẹsà Lọ Béèrè Ìdí Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Fi Ọkọ̀ Òfuurufú Sílẹ̀

Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo kan ilẹ̀kùn yàrá Rámátù. Ó ti jí, ó kàn ń díbọ́n pé òun ń sùn ni. Mo sọ fún un láti ẹnu ọ̀nà pé bó sùn bó jí, a ń lọ sí Ìgbẹsà lónìí, kó dìde kó ṣe àlùwàlá. A kírun Àsùbáà tán, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí a fi dé ojú ọ̀nà Ilo-Awela, èmi níwájú, òun lẹ́yìn, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń mú lọ sí tẹ́ṣàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó lé wa jáde nílé. Rámátù ni ọmọ kan ṣoṣo tí Múfútáù, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, bí, ìyá rẹ̀ sì ti kú láti kékeré rẹ̀. Iṣẹ́ ológun ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe. Ọkọ̀ òfuurufú ńlá tó ń kó àwọn sójà àti ẹrù wọn ló ń wà. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta tí àìsàn ìgbàgbé fi mú un, èyí tí àwa mọ̀ mọ́ àwọn arúgbó. Ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì wá ń gbé lọ́dọ̀ mi fún ọdún mẹ́jọ. Ó kọ́kọ́ ń gbàgbé ibi tó bọ́ bàtà sí. Nígbà tó yá, ó gbàgbé ohun tí wọ́n ń fi bàtà ṣe. Nígbà tó fi máa kú léṣìí, "ìyá yìí" ló ń pe ọmọ tó bí.

Bí àlejò bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi láwọn ọdún yẹn, mo máa ń sọ pé ó rìnrìn àjò. Mo rò pé iyì rẹ̀ ni mo ń dáàbò bò. Ìwé tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ sọ pé àìlera ló mú un kúrò, ṣùgbọ́n Alàájì, ẹ̀gbọ́n wa àgbà, ní irọ́ ni, wọ́n lé e ni, ọtí ló ń mu. Ọ̀rọ̀ yìí ni Rámátù gbọ́ dàgbà. Nígbà tí àdúrà ọdún kan olóògbé ku ọjọ́ díẹ̀, ó sọ fún mi pé òun ò ní sí níbẹ̀. Ó ní bàbá tí wọ́n lé níbi iṣẹ́, tí kò mọ orúkọ òun, kí ni òun fẹ́ máa ṣàdúrà lé lórí? Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun.

Mo tú àpò olóògbé, mo sì rí orúkọ kan àti nọ́ńbà fóònù nínú ìwé kékeré kan: Sájẹ́ńtì Àlàbí. Mo pè é. Ó ní òun ni òun ń tún ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ṣe nígbà tí àwọn jọ wà lẹ́nu iṣẹ́, pé nísinsìnyí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ páálí kan ní Ìgbẹsà lòun ń tún ṣe. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní "náìtì". Yóò jáde ní aago mẹ́jọ Sátidé, láti ibẹ̀ ló sì ń lọ sí Ẹdẹ, ìlú rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀la Sátidé yẹn gan-an sì ni àdúrà. Mo ní bí mo tilẹ̀ máa gbé Rámátù pọ̀n, a máa débẹ̀.

Ọ̀ọ́dúnrún náírà ni kẹ̀kẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa dé Sàngó. Kòtò ojú ọ̀nà wa ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣáà di nǹkan mú. Lábẹ́ afárá Sàngó, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ti tò lọ bẹẹrẹ, kúlà oúnjẹ wà lọ́wọ́ wọn. A wọ kọ́rópe, bọ́ọ̀sì kékeré tó yẹ kó gba èèyàn méje, a sì pé mẹ́sàn-án nínú rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan náírà dé Lúsádà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni dẹ́rẹ́bà, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó bi mí bóyá èmi àti ọmọ mi ń wá iṣẹ́ lọ ni. Mo ní rárá, ẹnì kan la fẹ́ lọ rí nítorí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní níbo ni ẹ̀gbọ́n ọ̀hún wà. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti sọ pé ó rìnrìn àjò. Rámátù wò mí, ó sì yí ojú sí fèrèsé.

Ẹni tó bá ń gbé Sàngó á rò pé òun ti mọ Ọ̀tà tán. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ránṣọ níbí, n kò dé Ìgbẹsà rí. Lẹ́yìn Àtàn, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra. Ní Lúsádà, ọlọ́kadà kan fẹ́ kó àwa méjèèjì sẹ́yìn ọ̀kan ṣoṣo. Mo ní kó lọ pe èkejì rẹ̀ wá, nítorí pé ìdí mi nìkan ti tó ẹrù ọ̀kadà kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó pè é, a san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà pupa ni, eruku ò jẹ́ ká ríran. Oko pákí wà lápá kan, ògiri ilé iṣẹ́ tó gùn gbọọrọ wà lápá kejì, wọ́n kọ èdè àwọn ará Ṣáínà sí ara géètì. Lọ́dọ̀ wa, ariwo jẹnẹrétọ̀ ló ń jí wa. Níbí, àkùkọ àti fèrè ilé iṣẹ́ ló jọ ń fi ariwo figagbága.

Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá la dé géètì náà. A jókòó sídìí obìnrin kan tó ń ta ẹ̀wà àgányìn, mo ra ti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà pẹ̀lú búrẹ́dì. Ata rẹ̀ dúdú kirikiri, ó dùn, ó sì ta mí títí omi fi bọ́ lójú mi. Rámátù ò fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí Sájẹ́ńtì jáde, n kò nílò kí wọ́n fi hàn mí. Bàbá tó ti ń hewú ni, ẹ̀yìn rẹ̀ gún ṣánṣán nínú aṣọ iṣẹ́ tí epo ti bà jẹ́. Ó wo Rámátù, ó dúró ṣinṣin, ó sì kí i bí sójà ṣe ń kí ọ̀gá rẹ̀. Ojú ti ọmọ náà. Kò tiẹ̀ jẹ́ kó jókòó tó fi bi í bóyá ọtí ni bàbá òun ń mu tí wọ́n fi lé e.

Sájẹ́ńtì ní ọ̀gá òun kì í mu ju tíì lọ. Ó wá jókòó, ó sì ṣàlàyé pé àwọn ìbòrí pupa kan wà tí wọ́n fi ń dí ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọ ara ọkọ̀ òfuurufú nígbà tó bá wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá gbàgbé láti ṣí wọn kí ọkọ̀ tó gbéra, awakọ̀ ò ní mọ bó ṣe ń sáré tó lójú ọ̀run, ó sì lè já bọ́. Àṣà tiwọn ni pé Sájẹ́ńtì á ṣí àwọn yòókù, ọ̀gá fúnra rẹ̀ á sì yí ọkọ̀ ká, á ṣí èyí tó kẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá yí ọkọ̀ ká, ó kọjá lára ìbòrí náà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Sájẹ́ńtì rọra ṣí i, ó tì í bọ àpò, kò sọ nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ó bi wá pé ta ni òun tí òun máa sọ fún ọ̀gá òun pé ó gbàgbé?

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀gá rí Sájẹ́ńtì láti ojú fèrèsé ọkọ̀ níbi tó ti ń ṣí i. Sójà ogójì ti jókòó sínú ọkọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá a.

"Ó ní, 'Àlàbí, ẹ̀ẹ̀melòó nìyí?' Mo ní, ọ̀gá, kò sí nǹkan kan. Ó dì mí lápá mú. Ó ní, 'Ká ní Rámátù mi ló jókòó sẹ́yìn yẹn, ṣé wàá ṣì máa bò mí?' Mo bá jẹ́wọ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni."

Ó ní ọ̀gá kó gbogbo àwọn sójà náà sọ̀ kalẹ̀, ó rìn lọ bá ọ̀gá àgbà wọn, ó bọ́ fìlà rẹ̀ lé orí tábìlì, ó sì sọ lójú gbogbo èèyàn pé orí òun ò dá òun lójú mọ́, kí wọ́n má ṣe gbé ọkọ̀ fún òun mọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn dókítà tó rí àìsàn náà.

"Kò sẹ́ni tó lé bàbá ẹ," ni Sájẹ́ńtì wí. "Òun ló dá ara ẹ̀ dúró."

Rámátù ní kó tún sọ ohun tí bàbá òun wí. Ó tún un sọ. Ó ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, orúkọ tirẹ̀ ló fẹ́ gbọ́.

Mo bi Sájẹ́ńtì pé kí ló dé tí kò wá sọ èyí fún wa láti ọjọ́ yìí. Ó tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ní òun wá o, ní ọdún kejì tí ọ̀gá kúrò. Obìnrin kan dá òun dúró lẹ́nu géètì, ó ní ọ̀gá rìnrìn àjò. Ó ti mọ ohùn mi lórí fóònù, ìtìjú mi ni kò fẹ́. Mo sọ fún un níwájú Rámátù pé èmi ni. Mo sì bẹ àwọn méjèèjì. Sájẹ́ńtì ní kí n má dá nìkan jẹ̀bi, pé òun lòun kọ́kọ́ bò ó.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, tírélà kan ṣubú dí ọ̀nà lẹ́yìn Lúsádà, a lò ju wákàtí méjì lọ nínú oòrùn. Láwọn ọjọ́ mìíràn, ǹ bá ti sọ tẹnu mi fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n Rámátù ń béèrè bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mi, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, oúnjẹ tó fẹ́ràn, ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ aṣọ sójà wá sílé tí màmá wa ò dá a mọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí èrò kan bi wá pé ta là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, mo ní ẹ̀gbọ́n mi tó kú ni, àìsàn ìgbàgbé ló pa á.

Ìrọ̀lẹ́ la délé. Alàájì àti Ààfáà wà ní pálọ̀, wọ́n ń ṣètò ohun tí wọ́n máa sọ lọ́jọ́ kejì. Alàájì ní àwọn ti kọ ọ́ sínú ìwé pé oníṣòwò ni olóògbé, àìsàn ránpẹ́ ló sì ṣe é. Mo ròyìn ohun tí a gbọ́. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì bi mí bóyá mo wá fẹ́ kí gbogbo Ọ̀tà mọ̀ pé orí àbúrò òun dàrú ni.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé ẹni tí a ń bò lè má fẹ́ ká bo òun, àti pé ìtàn tó jẹ́ ti Rámátù ni mo fi ọdún mẹ́jọ tì mọ́lé. Mo fẹ́ dá Alàájì lóhùn, ṣùgbọ́n Rámátù ti kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Alàájì. Bàbá mi fúnra wọn ló kọ́kọ́ sọ ọ́, níwájú àwọn ọ̀gá wọn. Ojú ò tì wọ́n."

Ààfáà yí ìwé padà sí ojú ewé tí kò ní nǹkan kan, ó mú bírò, ó sì ní kí Rámátù sọ ohun tí òun máa kọ. Rámátù ní kí wọ́n má wulẹ̀ ṣe wàhálà ìwé. Ó ní bí wọ́n bá ṣàdúrà tán lọ́la, òun ni òun máa dìde sọ ọ́.