Sàká Dákẹ́ Lẹ́nu Kànga

Sàká ni orúkọ rẹ̀. Kànga ló ń gbẹ́.

Ìsẹ́yìn ló ti wá. Ó dé Ìbà kí ogun Bìáfíra tó parí, nígbà tí ilé kò tíì pọ̀ níbẹ̀, tí ọ̀nà Bàdágírì ṣì rí tóóró. Nígbà tí owó epo dé, tí ìjọba sì san owó Údójì fún àwọn òṣìṣẹ́, gbogbo ẹni tó rí owó gbà ló ń sáré ra ilẹ̀ ní Òkòkòmáíkò. Ilé kò sì ṣeé gbé láìsí omi. Sàká kò wá iṣẹ́ mọ́. Iṣẹ́ ló ń wá a.

Ẹnì kan kì í dá gbẹ́ kànga. Làmídì ni ìkejì rẹ̀, ọmọ Ìbà, ọmọ kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró bí. Nígbà tí Sàká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, yàrá ẹ̀yìnkùlé Àwẹ̀ró ló gbà, oúnjẹ rẹ̀ ló sì ń jẹ. "Ìyá" ló ń pe obìnrin náà. Obìnrin náà a máa pè é ní àkọ́bí òun tí òun kò bí. Nígbà tí Làmídì dàgbà tó ẹni tó ń ṣiṣẹ́, Sàká ló kọ́ ọ.

Iṣẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. Ẹnì kan á wà nísàlẹ̀ tí yóò máa fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ilẹ̀, ẹnì kan á wà lókè tí yóò máa fa garawa yanrìn. Okùn kan náà ni wọ́n fi ń fa yanrìn àti èèyàn. Tí ẹni ìsàlẹ̀ bá fẹ́ gòkè, á pariwo pé, "Òkè o!" Ẹni òkè á dáhùn pé, "Mo ń bẹ!" Ìgbà tó bá gbọ́ èyí ló tó lè gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé okùn. Tí kò bá gbọ́ ọ, á jẹ́ pé kò sí ẹni tó di okùn mú. Kó yáa máa fi ẹsẹ̀ gun ògiri kànga bọ̀. Sàká kọ́ Làmídì ní èyí kó tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́bìrì mú. Ó ní, "Ẹni òkè kì í dákẹ́. Bó bá ń jẹun, kó fi òkèlè sẹ́nu dáhùn."

Lọ́dún tí wọ́n ń la ọ̀nà Bàdágírì fẹ̀, wọ́n gba iṣẹ́ kan ní Òkòkòmáíkò, nínú ilé tí Ọ̀gbẹ́ni Akínwándé ń kọ́ lọ́wọ́. Akọ̀wé ni ọkùnrin náà ní Àpápá. Yanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ríngì kọnkéré kíákíá, kí ògiri má baà ya. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì wọ́n bí ojú nígbà náà. Akínwándé ní kí wọ́n máa gbẹ́ ẹ lọ, pé ríngì ń bọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó yọjú wo inú kànga, ó béèrè ìdí tí ọ̀gá fi ń wà lókè tí ọmọ iṣẹ́ ń wà nísàlẹ̀. Làmídì dáhùn kí Sàká tó lanu.

"Ẹ̀rù kànga ń bà wọ́n ni, sà. Ilẹ̀ ya lù wọ́n nígbà kan ní Ìjànikin. Látìgbà náà, tí wọ́n bá ti rí kòtò tó ju orúnkún lọ, wọ́n á ní inú ń run àwọn."

Akínwándé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Àwọn bíríkìlà tó wà nítòsí náà rẹ́rìn-ín.

"Agbẹ́kànga tó ń sá fún kànga!" ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Bí apẹja tí kò fẹ́ kí omi kan òun lẹ́sẹ̀."

Òótọ́ ni Làmídì sọ. Ìyẹn ló dun Sàká. Ó nawọ́ sí i, ó ní, "Màá pa ẹ́, Làmídì. Màá pa ẹ́ lọ́jọ́ kan."

"Ẹ jẹ́ ká gbowó iṣẹ́ ná, ẹ̀gbọ́n," ni Làmídì wí. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, Sàká kò bá a sọ̀rọ̀. Ó ń fa yanrìn, ó ń dà á nù. Nígbà tí oòrùn kàn wọ́n látàrí, Làmídì pariwo látìsàlẹ̀.

"Òkè o!"

Sàká jókòó lẹ́nu kànga. Okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé kí ẹ̀rù ba Làmídì náà díẹ̀, kó mọ bó ṣe ń rí.

"Òkè o! Ẹ̀gbọ́n Sàká!"

Kò dáhùn.

Nígbà tó pè lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Sàká la ẹnu, ó fẹ́ dáhùn wàyí. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó ń wá ibi tẹ̀ lára ògiri, lẹ́yìn náà ó gbọ́ yanrìn. Yanrìn kì í pariwo tó bá ń ya. Ó máa ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń tú ìrẹsì jáde nínú àpò.

Àwọn bíríkìlà bá a wú Làmídì. Nígbà tí wọ́n máa gbé e jáde, kò sí ẹ̀mí nínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ìbà. Àwẹ̀ró dé láìwọ bàtà, ó ń bi gbogbo èèyàn pé kí ló pa ọmọ òun. Sàká wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Èmi ni mo pa á, Ìyá," ó ní. "Èmi ni mo pa á."

Wọ́n ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, kó gbà fún Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ ni wọ́n kà á sí. Ta ni kì í sọ ọ́ níbi òkú? Ṣùgbọ́n kọ́púrà ọlọ́pàá tó wá síbẹ̀ kì í ṣe Yorùbá. Ó ní kí wọ́n túmọ̀ ohun tí ọkùnrin náà ń wí. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀. Ó bi Akínwándé bóyá ìjà wà láàárín àwọn méjèèjì. Akínwándé kì í purọ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ àná. Kọ́púrà so méjèèjì pọ̀: màá pa ẹ́, àti èmi ni mo pa á. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, Sàká sì tẹ àtàǹpàkò sí i. Ẹ̀sùn ìpànìyàn ni. Ẹni tó bá jẹ̀bi rẹ̀, ṣe ni wọ́n ń so ó kọ́.

Nínú àtìmọ́lé, Sàká di ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́dà bá ń pe orúkọ, yóò ti dáhùn kí wọ́n tó pè é tán. Àlàbá ló kọ́kọ́ bá a ṣọ̀rẹ́. Àlàbá jí sìmẹ́ǹtì ní èbúté, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu ẹjọ́ débi pé Lọ́yà Àgbà ni àwọn ará yàrá ń pè é.

"Wọ́n ní o pa èèyàn?"

"Mo pa á."

"Yéè! Pa ẹnu ẹ dé! Ṣé bí wọ́n ṣe ń jẹ́jọ́ nílùú yín nìyẹn? Gbọ́, ọ̀nà pọ̀. Sọ pé o ò sí níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀."

"Sọ pé ó kọ́kọ́ lù ẹ́, pé o fẹ́ gba ara ẹ sílẹ̀ ni."

"Inú kànga ló wà. Báwo ló ṣe máa lù mí?"

"Ó dáa. Ó bú ẹ, inú bí ẹ, ojú ẹ ṣú, o ò mọ ohun tó o ṣe."

"Ọjọ́ tó ṣáájú ló bú mi. Mo ti sùn, mo ti jí."

Àlàbá káwọ́ lérí. "Ó ku wèrè nìkan. Ṣé o lè ya wèrè? Kọ́kọ́ sín in jẹ fún wa, ká wò ó bó bá yẹ ẹ́."

Yàrá náà hó fún ẹ̀rín. Sàká pàápàá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó rántí pé tí Làmídì bá wà níbẹ̀ ni, ẹ̀rín tirẹ̀ ni ì bá pọ̀ jù. Ó kọjú sí ògiri.

Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ikú kàn kì í dá lọ síwájú adájọ́. Kóòtù yan lọ́yà kan fún un, Adétòkunbọ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ṣòkòtò rẹ̀ gbòòrò lẹ́sẹ̀, tó sì ní sùúrù. Ó ka ìwé ọlọ́pàá náà fún un ní Yorùbá.

"Bàbá, ṣé bí ẹ ṣe sọ ọ́ nìyí?"

"Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ti yanrìn lù ú?"

"Rárá."

"Ẹ ju nǹkan sí i?"

"Rárá."

Lọ́yà mí kanlẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi. Lójú òfin, pípa kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tó gbèrò láti pààyàn tó sì pa á, ìyẹn ni wọ́n ń so kọ́. Ìjọba ló máa fi hàn pé ọwọ́ yín ló ṣe é, pé ọkàn yín sì fẹ́ ẹ. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹ̀sùn yẹn ti yẹ̀. Ẹni tí kò gbèrò ikú, àmọ́ tí ẹ̀mí ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó wá fi ṣeré, ẹ̀wọ̀n ni tirẹ̀. Ẹni tí nǹkan ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀, tí kò lọ́wọ́ sí i, kò jẹ̀bi rárá. Ilẹ̀ ló ya. Èèṣì ni. Ibẹ̀ ni mò ń lọ."

"Ẹni tó dákẹ́ ńkọ́?"

"Tó dákẹ́ báwo?"

Sàká sọ fún un. Lọ́yà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló tún gbọ́ ọ?"

"Ọlọ́run."

"Ọlọ́run kò sí lára àwọn ẹlẹ́rìí tí ìjọba fẹ́ pè." Ó wò ó títí. "N kò ní kí ẹ purọ́ o. Tí ẹ bá bọ́ sí àpótí ẹlẹ́rìí, òótọ́ lẹ máa sọ. Àmọ́ òfin fún yín láyè láti má sọ nǹkan kan. Ẹ dákẹ́, Bàbá. Bí ẹ bá dákẹ́, mo rò pé ẹ ó lọ sílé."

"Dídákẹ́ tún ni," ni Sàká wí.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, akọ̀wé kóòtù ka ẹ̀sùn, ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀, ó bi í bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Sàká ní, "Mo jẹ̀bi." Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi. Lọ́yà ti ṣàlàyé èyí fún un tẹ́lẹ̀: tó bá jẹ́ ẹ̀sùn ikú, wọn kì í gba ẹ̀bi lẹ́nu èèyàn bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ náà tán ná. Síbẹ̀ ó yà á lẹ́nu pé èèyàn gbé ẹ̀bi rẹ̀ wá fúnra rẹ̀, wọn kò sì gbà á.

Akínwándé jẹ́rìí. Ó sọ ohun tí Sàká wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́yà dìde.

"Ìyàwó yín ńkọ́, sà? Ṣé wọn kò sọ fún yín rí pé àwọn máa pa yín?"

"Wọ́n ń sọ ọ́. Nígbàkígbà tí mo bá ti pẹ́ délé."

"Ẹ ti fẹjọ́ wọn sun ọlọ́pàá?"

"Háà, rárá o. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Adájọ́ kan tábìlì.

Àwẹ̀ró ló kàn. Ìjọba ló pè é, kó wá sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu Sàká lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú. Ó sọ ọ́. Lọ́yà rọra bi í.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí bàbá Làmídì kú, kí lẹ sọ?"

"Mo ní èmi ni mo pa á. Ibà ń ṣe é, mo ní á lọ fúnra rẹ̀, n kò tètè gbé e lọ sí ọsibítù."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ pa á lóòótọ́?"

"Ká má rí i! Ọkọ mi? Ohun tó ń jáde lẹ́nu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni, ọmọ mi. Ohun tó jáde lẹ́nu Sàká náà nìyẹn. Sàká kò lè pa Làmídì. Inú ìkòkò kan náà ni mo ti bọ́ àwọn méjèèjì."

Adájọ́ kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́. Lọ́yà jókòó, ó wẹ̀yìn wo Sàká, ó rọra mi orí. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló rí i pé ẹjọ́ ti ń dára.

Adájọ́ wá sọ fún Sàká pé ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè búra kó sọ̀rọ̀. Ó lè dúró síbi tó wà kó sọ̀rọ̀ láìbúra. Ó sì lè dákẹ́. Lọ́yà ti ń dìde láti dáhùn fún un.

Sàká wo Àwẹ̀ró. Obìnrin náà ń fi etí gèlè nu ojú. Bí òun bá lọ sílé lónìí, ilé obìnrin yìí ni òun ń lọ, oúnjẹ rẹ̀ ni òun máa jókòó tì, yóò sì máa pe òun ní àkọ́bí.

"Mo fẹ́ búra," ó ní.

Wọ́n gbé Kùránì fún un. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó ní okùn wà lọ́wọ́ òun. Ó ní òun gbọ́. Ó ní tí òun bá dáhùn, okùn ni Làmídì ì bá bá gòkè, kò ní fi ẹsẹ̀ kan ògiri. Lọ́yà da ojú bolẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba ló bi í léèrè.

"Ṣé o fẹ́ kó kú?"

"Rárá, sà. Mo fẹ́ kí ẹ̀rù bà á."

"O mọ̀ pé ilẹ̀ yẹn lè ya?"

"Mo mọ̀. Irú rẹ̀ ti ya lù mí rí."

Àwẹ̀ró dìde láàárín kóòtù. "Sàká! Ìgbà mélòó ló pè ọ́?"

Ọlọ́pàá kan ní kó jókòó. Adájọ́ juwọ́ pé kó fi í sílẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, Ìyá."

"O gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Mo gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Obìnrin náà jókòó. Kò nu ojú mọ́.

Nígbà tí wọ́n padà wá gbọ́ ìdájọ́, ìwé adájọ́ gùn, ó sì ní kí Sàká jókòó gbọ́ ọ. Ó ní ọ̀rọ̀ méjèèjì tí ọlọ́pàá so pọ̀, ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń sọ lójoojúmọ́ ni, kò sí ìpinnu ikú nínú wọn. Sàká kò jẹ̀bi ìpànìyàn tí wọ́n ń so èèyàn kọ́ fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó di okùn mú, ẹ̀mí ẹni ìsàlẹ̀ ló dì mú. Ó mọ ewu tó wà níbẹ̀, ó sì fi ṣeré. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún.

Lọ́yà tẹ̀ sí i létí. "Ilé ni ẹ̀ bá wà báyìí, Bàbá."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣé. Ẹ ṣe iṣẹ́ yín."

Ibi tí Àwẹ̀ró wà ló ń wò. Obìnrin náà ti dìde, ó ń tún gèlè rẹ̀ wé, ẹ̀yìn ló kọ sí i. Sàká ń dúró bóyá á yíjú. Wọ́dà ní ó ti tó. Sàká dìde, ó sì bá a jáde.