Bí Bàbá Ṣe Yin Ẹ̀rọ Tuntun

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní ọdún kejì tí àwọn sójà gbàjọba, ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tuntun wọ bíróò ìjọba wa ní Àjàṣẹ́, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè iṣẹ́. Mo wo aago nítorí pé èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé pé a ti gbà á. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni.

Iléeṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà náà ti yí ọpọlọ rẹ̀ padà pátápátá. Èdè tí ti àtijọ́ ń gbọ́, ti tuntun kò gbọ́ ọ. Bàbá kan nínú bíróò wa, ará àdúgbò Houinmè, ló sì kọ gbogbo ètò tí ẹ̀rọ wa ń tẹ̀lé ní èdè àtijọ́ yẹn. Ọdún mẹ́fà ló fi lu ihò wọn sára káàdì tí ẹ̀rọ ń kà. Àwọn ètò náà ló ń to orúkọ àwọn olùkọ́ àti ìlú tí ìjọba rán wọn lọ.

Aṣojú iléeṣẹ́ náà ní kí a má fòyà, ẹ̀rọ tuntun lè ṣe bí ẹni pé ti àtijọ́ ni òun. Mo dán an wò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí ti àtijọ́ ń fi wákàtí kan ṣe ṣì ń gbà á ní àádọ́ta ìṣẹ́jú. Kó tó lè yára bí wọ́n ti ṣèlérí, a ní láti tún gbogbo ètò kọ, bàbá nìkan ló sì mọ inú wọn. Ibi tí ìṣirò mi já sí nìyẹn: àyípadà náà lérè, bí bàbá bá wà níbẹ̀.

Nínú ìpàdé, ọ̀gá wa tí ìjọba tuntun rán wá láti àríwá kọjú sí bàbá níwájú aṣojú náà.

“Kàmáráàdì, báwo lẹ ti rí ẹ̀rọ yìí sí?”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Háà, ẹ̀rọ rèé! Ọlọ ìyá àgbà ni tiwa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tún nílò irú wa mọ́.”

Lọ́dọ̀ wa, a kì í bẹnu àtẹ́ lu ẹrù àlejò lójú rẹ̀. Faransé ni bàbá ń sọ, ìwà Nàgó, ti àwa Yorùbá ibẹ̀, ló fi sọ ọ́; ọ̀gá kò sì mọ ìwà náà. Akọ̀wé ìpàdé kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìṣirò mi wà lápò mi. N kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu. Nígbà tó sì parí, ojú tì mí láti takò ó níwájú àlejò.

Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìwé dé pé kí bàbá máa lọ sílé, torí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí pé a kò nílò òun mọ́.

“Ìwọ oníwèé ńlá,” ló wí fún mi, “ṣé o kò mọ̀ pé àlejò ni mò ń kí ni?”

“Mo mọ̀, bàbá.”

“Kí ló wá dí ọ lẹ́nu?”

“Ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀.”

“Mo parí rẹ̀, àbí n kò parí rẹ̀?”



Wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri pé ẹ̀rọ náà ti mú iṣẹ́ yá. N kò rí ẹ̀rí. Wọ́n ní bàbá ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Kútọnu. N kò lè jẹ́rìí sí i. Lọ́jọ́ tí mo fi bíróò náà sílẹ̀, mo yẹ ìwé tí a ń kọ iṣẹ́ ẹ̀rọ sí wò. Ètò mẹ́sàn-án ló ṣe lọ́jọ́ náà. Mẹ́jọ jẹ́ ti bàbá, ẹnikẹ́ni kò sì tíì tún ọ̀kan kọ nínú wọn; ẹ̀rọ tuntun ṣì ń ṣe bí ẹni pé ti àtijọ́ ni òun.