Ọwọ́ Òsì Màmá Mi

Ọlọ́wọ́ òsì ni màmá mi, àmọ́ ẹ lè bá wọn gbé ní Pópó Àgùdà fún ọdún mẹ́wàá kí ẹ má mọ̀. Pàṣán ni bàbá wọn fi kọ́ wọn ní kékeré pé ọmọ àlè ní í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀. Níta, ọ̀tún ni wọ́n fi ń gba nǹkan, ọ̀tún ni wọ́n fi ń juwọ́ séèyàn. Inú ilé ìdáná nìkan, tó bá ku èmi àtàwọn, ni ọ̀bẹ ti máa ń bọ́ sí òsì, ọwọ́ wọn á wá yá kíá.

Ibẹ̀ ni mo ti máa ń yà wọ́n láràárọ̀ nínú ìwé kékeré kan, kí n tó lọ síbi iṣẹ́ mi l'Ólówógbowó. Pẹ́ńsù lásán, ìṣẹ́jú díẹ̀, n kì í pa nǹkan kan rẹ́ níbẹ̀. Wọ́n á ní, "O tún ti ń jí mi yà, àbí?" Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa gé ilá wọn lọ.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, àwọn kan ní kí n mú iṣẹ́ mi wá síbi ìpàtẹ àwòrán. Mo mú ọ̀kan nínú ìwé yẹn, èyí tí màmá mi ti ń rin àgbọn fún fúréjọ̀n, ẹ̀wà alágbọn tí a máa ń jẹ lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde, mo ní màá fi ọ̀dà kun ún, kó tóbi, kó dán. Oṣù mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í. N ò ṣí ìwé kékeré mọ́, mo ní iṣẹ́ gidi wà nílẹ̀. Iṣẹ́ gidi! Ẹ gbọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Àwọn tó bá wá wò ó á ní ìyá yìí ò lẹ́kọ̀ọ́. Ni mo bá pa ọwọ́ òsì rẹ́, mo kun ọ̀tún síbẹ̀. Ó gún régé. Mo ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Màmá mi mọ̀. Wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá wò ó. Wọ́n dúró níwájú rẹ̀ títí, wọ́n wo ọwọ́ yẹn, wọ́n wá wo èmi.

"Ó dáa o, ọmọ mi. Ọlọ́run á bù sí i."

Wọ́n ní kí n wá kẹ̀kẹ́ tó máa gbé àwọn relé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí ìwé mi nílé ìdáná. Bí màmá mi ṣe rí pẹ́ńsù, wọ́n rọra gbé ọ̀bẹ sí ọ̀tún.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo ọwọ́ yín."

"Rárá o. Báyìí ló ṣe wuyì lójú ẹ."

Ọ̀bẹ ń gbọ̀n, ilá ń bọ́ sílẹ̀ wúruwùru. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò bínú. Lóòótọ́, wọn ò bínú, ìyẹn gan-an ló ń pa mí. N ò fojú kan ọwọ́ òsì yẹn lẹ́nu iṣẹ́ mọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n máa kú, mo jókòó tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n nawọ́ sí mi. Òsì ló kọ́kọ́ jáde. Ni wọ́n bá rántí, wọ́n fà á padà sábẹ́ aṣọ, wọ́n sì na ọ̀tún.