Ìró Ẹsẹ̀ Bàbá ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Màmá ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé wa ní Ayétòrò nígbà tí a gbọ́ ẹsẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá yín kọ́ nìyẹn, àbúrò rẹ̀ ni." Òótọ́ sì ni. Ó ṣàlàyé pé ẹsẹ̀ Bàbá máa ń tẹ̀ lé ara wọn kíákíá, pé ti àbúrò rẹ̀ máa ń dúró díẹ̀ kó tó balẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi fóònù gba ìró ẹsẹ̀ àwọn ará ilé sílẹ̀, tí mo ń wọn àlàfo àárín ìṣísẹ̀ kan sí èkejì.

Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ mú Bàbá lápá òsì. Màmá so kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀ mọ́ etí ìró tó ró mọ́dìí. Ó sọ fún Bàbá pé, "Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ yín bá padà sípò lẹ máa gùn ún lọ sóko Afọ̀n." Bàbá dáhùn pé bí òun ò bá lè dá lọ sóko mọ́, ká kúkú gbà pé òun ti kú.

Mo da ìró ẹsẹ̀ Bàbá àtijọ́ márùn-ún pọ̀ mọ́ tuntun márùn-ún tí mo gbà lẹ́yìn àìsàn náà, kí Màmá sọ èyí tó jẹ́ tàtijọ́. Ó gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Lẹ́yìn oṣù méjì, àlàfo ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba lórí fóònù mi. Mo pariwo. Bàbá nawọ́: "Kọ́kọ́rọ́ mi dà?"

Màmá ní kó tún rìn. Ó dijú, ó tẹ́tí sílẹ̀.

"Ẹ ń ka ìṣísẹ̀ yín lọ́kàn ni. Ení, èjì, bí ẹni tó ń lọ gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Obìnrin yìí, ṣé inú bàtà mi lò ń gbé ni?"

Ojú tì mí. Mo wọn ìdọ́gba, mo gbàgbé ìyára: ìṣísẹ̀ mẹ́wàá tó ń gba ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tẹ́lẹ̀ ti wá ń gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ewúrẹ́ kan wọ inú ẹ̀gẹ́ tí a sá. Ó wá lẹ́ẹ̀márùn-ún, ẹ̀ẹ̀márùn-ún náà ni Bàbá yára gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ lé e, láì ka nǹkan kan. Fóònù mi wà lójú fèrèsé, ó ń gba ìró sílẹ̀.

Mo tún da márùn-ún náà pọ̀ mọ́ márùn-ún tàtijọ́. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àtijọ́ nìyẹn," Màmá wí. Tuntun ni. "Tuntun." Àtijọ́ ni. Nígbà tó yá, ó ń ronú pẹ́ kó tó fèsì. Lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ lọ sí etí ìró, ó ń tú kókó tó fi so kọ́kọ́rọ́ kí n tó ka èsì.

Ẹni tó ń méfò lásán, nǹkan bí ìdajì ni yóò gbà. Màmá gba márùn-ún nínú mẹ́wàá.